Anemone wo ló yẹ kí n rà fún clownfish méjì tí mo ń sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Ajílété béèrè:

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń sin ẹja omi iyọ̀ ṣáájú mi, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó náwó.

Mo ní táńkì gíláàsì kan ní pálọ̀ mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gba omi bí lítà 240, ìbú rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Ó pé oṣù 5 lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ti da omi iyọ̀ sí i. Clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ocellaris, tí ara wọn pọ́n bí ọsàn, tí ilà funfun mẹ́ta sì dábùú wọn. Inú táńkì ni wọ́n ti bí wọn, wọn kò mọ òkun rí. Edé kékeré méjì, ìgbín díẹ̀ àti oríṣi iyùn rírọ̀ méjì ló ń bá wọn gbé. Iná LED tí a ṣe fún iyùn ló wà lókè, pọ́ńpù méjì ló sì ń mú omi lọ síwá sẹ́yìn. Mo ní sólà àti inverter, àmọ́ bí iná ìjọba bá lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì mi kì í sábà gbé e di ojúmọ́.

Ohun tí mo ń wá ni anemone, ẹ̀dá òkun tó dà bí òdòdó tí ọwọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, tí àwọn ẹja wọ̀nyí yóò fi ṣe ilé. Ẹ̀yìn pọ́ńpù ni wọ́n máa ń sùn sí lálẹ́, èyí tó tóbi jù nínú wọn a sì máa fi ara ra iyùn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, àánú wọn ń ṣe mí. Ẹni tó ń tà fún mi láti Èkó fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́. Èkíní funfun báláú, orí ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Òun ló rẹwà jù lójú mi, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ó láwọ̀ ewé, àwọn ọwọ́ kúkúrú kúkúrú ló sì bò ó. Haddoni ni ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wú bí ìdí ọmọ odó. Èwo ni kí n mú nínú wọn, ṣé ó sì ti tó àkókò tí mo lè mú un wálé?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú wọn. O ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó, nítorí èyí tí o pè ní arẹwà yẹn, aláìsàn ni.

Anemone kì í ṣe òdòdó bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹranko ni, ó ní ẹnu, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ń ta ohun tó bá fọwọ́ kàn án. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ohun ọ̀gbìn wíńníwíńní kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fún un jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ló fún un ní àwọ̀ pupa dúdú tí à ń rí. Bí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn, tàbí tí ooru bá mú un jù, tàbí tí ìrìn àjò bá wọ̀ ọ́ lára, yóò lé wọn jáde, ara rẹ̀ á sì ṣí. Funfun báláú tí o rí yẹn, ebi ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lè fi ọ̀pọ̀ oṣù bọ́ ọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í yè é. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí àwọn ọlọ́jà máa ń rẹ láró bí ẹni rẹ aṣọ, tí wọ́n á pupa rúsúrúsú bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ìwọ̀nyẹn náà, má ṣe sún mọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ pé ẹja wo ló ń gbé ilé wo. Irú anemone tí clownfish ń gbé kò ju 10 lọ nínú gbogbo èyí tó wà láyé, òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì sì ni gbogbo wọn ti ń wá. Òkun Àtìláńtíìkì tiwa níbí kò ní ọ̀kankan nínú wọn, kò sì ní clownfish pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé etí òkun Èkó ni òun ti ṣa tòun, má rà á. Ẹja kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó mọ̀ nínú mẹ́wàá yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní clarkii kò kọ ọ̀kankan, ibikíbi ló ń wọ̀. Maroon ò mọ̀ ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, ìyẹn Entacmaea quadricolor. Ocellaris tìrẹ, mẹ́ta ni: Heteractis magnifica, Stichodactyla gigantea àti Stichodactyla mertensii.

O lè wá rò pé nínú mẹ́ta yẹn ni kí o ti mú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì pàdánù owó àti ẹranko. Magnifica fẹ́ ṣóńṣó òkúta níbi tí oòrùn ti ń pa á gan-an, tí omi sì ń bì lù ú. Bí kò bá rí i, yóò máa pọ́nkè gíláàsì káàkiri ni. Gigantea sábà máa ń ti ọ̀nà gba àìsàn wá, òmíràn kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mertensii lè fẹ̀ ju mítà kan lọ, ìwọ sì sọ pé sẹ̀ǹtímítà 45 ni ìbú táńkì rẹ. Ohun tí ẹja fẹ́ nínú òkun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ohun tí ilé rẹ lè gbà.

Haddoni tó dà bí ẹní yẹn, orí iyanrìn ló ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ débi pé bí o bá fi ìka kàn án, wàá ní láti rọra já a kúrò. Ó ń jẹ ẹja. Edé rẹ méjèèjì kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹja yòówù tí o bá sì fẹ́ fi kún un lẹ́yìn ọ̀la wà nínú ewu.

Ẹ̀kẹta, tí orí ọwọ́ rẹ̀ wú, ni quadricolor tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bubble tip. Ocellaris kì í gbé inú rẹ̀ nínú òkun, ṣùgbọ́n nínú táńkì wọ́n sábà máa ń gbà á, àwọn mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn mìíràn lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn ò sì ní gbà láéláé. Tèmi lo ọ̀sẹ̀ 7. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń mu ẹ̀kọ, mo rí abo tí ó fi ìrù kan ọwọ́ anemone lẹ́ẹ̀kan, tí ó sá sẹ́yìn, tí ó padà wá fi ìhà kàn án, tí ó tún sá. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi di pé bí ọwọ́ yẹn bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò já ara rẹ̀ gbà mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni mo ń rí láàárín wọn. Akọ kò wọlé títí di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà ẹ̀kẹta ni kí o mú, ṣùgbọ́n má mú un lóṣù yìí. Omi táńkì oṣù 5 kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó dára lónìí, ó yí padà lọ́la, anemone kò sì lè fara da ìyípadà bíi ti ẹja. Oṣù 6 ni àwọn kan fi ṣe òṣùwọ̀n, ọdún kan gbáko ni èmi fi ń ṣe tèmi. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ iye tí o bá wọ̀n síbẹ̀. Iyọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 1.025 sí 1.026 lórí ohun tí a fi ń wọn ìwúwo omi, ìgbóná láàárín 25 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ammonia àti nitrite, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, ní láti jẹ́ 0. Ìgbà tí o bá ṣí ìwé yẹn tí o rí i pé iye kan náà ni o ń kọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìgbà náà ni kí o pe ẹni tó ń tà á.

Àlàbí Ọ̀yọ́ dáhùn:

Ẹ ṣeun màmá, ẹ kò fi ohunkóhun pa mọ́ lórí yíyan. Ọmọ Ajílété, ibi tí ẹ ti dárúkọ bátìrì ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ilé mi ní Ọ̀yọ́ kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Bubble tip ni èmi náà ní. Ó ti jókòó sínú pàlàpálá òkúta kan fún oṣù 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé ṣinṣin, mo sì ti gbà pé ibẹ̀ ni yóò máa wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná lọ, bátìrì tán lóru, omi sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ibùjókòó anemone kò bá bá a lára mu mọ́, ó máa ń tú ẹsẹ̀ ni, kí ó sì rìn. Ó rìn títí, ó sì jókòó lé ojú pọ́ńpù tó ti kú, nítorí pé kò sí ohun tó ń fà á nígbà náà. Iná dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ohùn pọ́ńpù ló jí mi: kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ ọ́n mọ́, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ata tí aṣọ há sí. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, omi ti funfun bí omi ògì, àjákù ara anemone ń fò káàkiri inú rẹ̀, àwọn ẹja sì ti lọ kó ara wọn jọ sí ojú omi, wọ́n ń mí gúlegúle.

Mo pa pọ́ńpù. Mo kó àwọn ẹja sínú garawa omi iyọ̀ tí mo ti pò sílẹ̀ ní àná, mo fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì sí i, mo fi àwọ̀n kó gbogbo àjákù tí ọwọ́ mi bà, mo pààrọ̀ ju ìlàjì omi lọ, mo sì so àpò èédú asẹ́mi sínú rẹ̀. Ẹja yè. Edé mi kú kí ó tó di ọ̀sán, iyùn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù sì bó lára títí ó fi tán.

Nítorí náà kí anemone tó dé rárá, ẹ fi fóòmù tó nípọn bo ẹnu pọ́ńpù méjèèjì, kí ẹ sì máa fọ fóòmù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí bí ó bá dí, pọ́ńpù kò ní lágbára mọ́. Ẹ yọ iná LED kúrò lára inverter bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Pọ́ńpù ni kí ẹ fi bátìrì yẹn gbọ́, wáàtì tí ó ń jẹ kò tó nǹkan, yóò sì gbé e di àárọ̀. Ẹ tún jẹ́ kí òkúta tí anemone yóò jókòó lé dá dúró láàárín iyanrìn, kí ó má kan òkúta yòókù tàbí gíláàsì, nítorí kì í sábà fẹ́ rin orí iyanrìn lásán, òkúta yẹn á sì dà bí erékùṣù fún un. Bí ó bá rìn dé ara iyùn yín, títa ni yóò máa ta á, iyùn kò sì lè sá.

Olùkọ́ Àgbà dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀, láìsí àbùkù fún Ìyá Ìbejì tí ìmọ̀ wọn jinlẹ̀.

Ọmọ mi, kò sí ohun tó ń dun àwọn ẹja rẹ. Nínú òkun, ẹja ńlá ni clownfish ń sá fún tí ó fi ń wọ inú anemone. Nínú pálọ̀ rẹ, kò sí ẹja ńlá. Wọ́n lè dàgbà, kí wọ́n gbó, kí wọ́n sì yé ẹyin láìfojú kan anemone. Èmi gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, sínú tèmi lẹ́yìn tí mo ti rẹ ẹ́ sómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ ẹyin mọ́ títí di òní, akọ ló ń fi lẹbẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí ó ń ṣọ́ ọ títí yóò fi pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Fún àwọn méjèèjì ní ìkòkò kan ná, kí wọ́n kúrò lẹ́yìn pọ́ńpù.

Ohun tó mú mi sọ èyí ni pé anemone kì í gbó bí a ṣe ń gbó. Ní ọdún 1828, ará Skọ́tláńdì kan, John Dalyell, mú ọ̀kan ní etí òkun North Berwick. Kì í ṣe irú tí clownfish ń gbé, ṣùgbọ́n anemone ni. Nígbà tí òun kú, ẹlòmíràn gbà á tọ́jú, ó sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn bẹ́ẹ̀ ní Edinburgh títí di 1887 tí ó kú. Ẹranko tó lè pẹ́ tó báyìí, tí a wá fà tu lórí òkúta níbi tó ti ń gbé pẹ̀lú ẹja tirẹ̀, tí ó sì kú sí wa lọ́wọ́ lóṣù mẹ́ta, ó ń dùn mí gan-an. Àwa tí a mọyì iyùn lọ́rùn ọba yẹ kí a ṣàánú rẹ̀, ìbátan ni ẹranko tó ń kọ́ iyùn yẹn àti anemone.

Bí o bá wá fẹ́ rà á síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí ọkàn mi gbà. Bubble tip máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan á sì di odidi. Bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá inú òkun ni tiẹ̀ ti wá, tàbí inú táńkì ẹnìkan ni ó ti pín. Èyí tó pín nínú táńkì ti mọ iná LED, ó ti mọ omi tí ènìyàn pò, rírà rẹ̀ kò sì dín ti inú òkun kù.

Àbúrò Yín dáhùn:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ooru nìkan ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, yàrá tí mo ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú oṣù kẹta, bí oòrùn bá mú tán, omi tèmi ń wọ 31. Bí ó bá pẹ́ lórí 30 fún ọjọ́ mélòó kan, anemone á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bíi ti àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa yẹn. Fáànù kékeré kan tí mo kọjú rẹ̀ sí ojú omi ló gbà mí, ó ń fa ìgbóná náà wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 tàbí 3. Àmọ́ fáànù ń jẹ́ kí omi gbẹ, ọyẹ́ ń jẹ́ kí ó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi nìkan ló sì ń fò lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tútù tí kò níyọ̀, tí a fi RO, ẹ̀rọ tó ń yọ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò, sẹ́, ni kí ẹ máa fi dí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ẹ má dúró di ìparí ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó da garawa kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ní àdúgbò mi ní nitrate, ìdọ̀tí kan tó yọ́ sínú omi, kí n tó po iyọ̀ mọ́ ọn rárá. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi.

Ọmọ Ajílété tún kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe Èkó lọ́sàn-án yìí. Ó jẹ́wọ́ pé inú òkun ni funfun àti haddoni ti wá, ṣùgbọ́n ó ní táńkì oníbàárà òun kan ní Ìbàdàn ni pupa ti pín, ó sì gbà láti fi sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Màmá, ìbéèrè kan ló kù: lọ́jọ́ tí mo bá lọ mú un, kí ni kí n wò lára rẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe gbé e wọlé?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Wo ẹnu rẹ̀ ní àárín. Bí ó bá pa dé, ó dára. Bí ó bá là sílẹ̀ gbàgà tí o sì rí ìfun rẹ̀, fi sílẹ̀. Yí i padà kí o wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ya níbì kankan, nítorí ibi tó bá ya ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọ.

Bí o bá délé, jẹ́ kí omi táńkì rẹ máa kán sínú omi rẹ̀ tó-tó-tó fún wákàtí kan ó kéré tán, kí iyọ̀ méjèèjì fi dọ́gba. Dín iná kù. Gbé e sí ẹnu pàlàpálá òkúta, kí o dá pọ́ńpù dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mú, kí o má sì kúrò níwájú táńkì títí o ó fi tan pọ́ńpù padà. Bí ó bá rìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, má fọwọ́ kàn án, ibi tó wù ú ló ń wá. Má fún un lóúnjẹ títí yóò fi ya ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa; lẹ́yìn náà, edé tí o gé tí kò ju èékánná rẹ lọ tó fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Má sì lé ẹja rẹ sínú rẹ̀. Ikun ara wọn ní láti mọ títa rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì mọ ọjọ́ tí yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ajílété tún kọ:

Ẹ ṣeun, màmá. Mo ti sọ fún ẹni yẹn ní Ìbàdàn pé kí ó bá mi tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí táńkì mi bá pé ọdún kan. Fóòmù ti wà lẹ́nu pọ́ńpù méjèèjì láti ìrọ̀lẹ́, mo ti yọ iná LED kúrò lára inverter, ìkòkò amọ̀ kékeré kan sì wà nínú garawa omi lẹ́yìnkùlé. Iye àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé ní alẹ́ yìí ni 1.024 fún iyọ̀ àti 29 fún ìgbóná, nítorí náà fáànù ni mo ń lọ rà lọ́jà láàárọ̀ ọ̀la.